Aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò láti ẹkùn wa: níbo la ti lè rí àkọsílẹ̀ ìbò tó dì ní Àbújá?

Ọmọ Odògbolú

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn tó fẹ́ padà sí Àbújá àti àwọn tó fẹ́ gbapò lọ́wọ́ wọn yóò sì máa yí ká láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò láìsí èébú.

Bí aṣòfin bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, kò ṣòro láti mọ ibi tó dúró sí, nítorí ohun tí ìjọba bá fẹ́ lòun náà sábà máa ń fẹ́. Bó bá wá jẹ́ ti ẹgbẹ́ alátakò ńkọ́? Irú wọn kò ṣàjèjì sí wa. Olóyè Olabiyi Durojaiye ṣojú Ìlà-Oòrùn Ògùn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ AD láti 1999 sí 2003, nígbà tí PDP ń ṣèjọba àpapọ̀. Buruji Kashamu wà ní ipò kan náà lábẹ́ PDP láti 2015 sí 2019, nígbà tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ APC. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn kan náà, Ladi Adebutu ti PDP ṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù àti Àríwá Rẹ́mọ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin.

N kò wá síbí láti yìn wọ́n tàbí láti bú wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé, ẹni yòówù tí a bá rán lọ, nígbà tó bá padà dé, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa ní pàtó bóyá ó gbà tàbí ó kọ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu lórí ètò ìṣúná, lórí owó tí ìjọba fẹ́ yá, tàbí lórí òfin ètò ìdìbò. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ á ní ó ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ á ní ó kàn lọ jókòó ni, kò sì sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láti fi parí àríyànjiyàn náà. Mo wá a títí. Mo rí orúkọ àbádòfin, mo rí ọjọ́ tí wọ́n kà á, mo sì rí i pé ilé fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò rí orúkọ ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ló fà á? Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Tíṣà Ìlíṣàn

Ìbò ohùn ló fà á. Ẹni tó ń darí ìjókòó yóò ní kí àwọn tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, etí ara rẹ̀ ni yóò fi wọn èyí tó pọ̀ jù, òòlù yóò sì dún lórí tábìlì. Kí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó gbé ojú sókè, ó ti parí. Abala 56 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé ìfẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níjòókó tí wọ́n sì dìbò ni yóò borí, àmọ́ abala 60 gbà kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ìlànà tí yóò fi máa darí ara rẹ̀, inú ìlànà yẹn sì ni ìbò ohùn ti wá.

Ìlànà yẹn kan náà ló sì fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ kan tí a kì í sábà gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà pé etí alága gbọ́ dáadáa lè dìde, kó ní kí wọ́n pín ilé, kí wọ́n ka ìbò lórí orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń ṣiṣẹ́ lórí àbádòfin ètò ìdìbò. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó wọn ti dámọ̀ràn pé kí INEC lè máa fi èsì ìbò ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Sẹ́nétọ̀ Sabi Abdullahi dábàá àtúnṣe pé àfi ibi tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, bá ti jẹ́rìí pé ìsokọ́ra ẹ̀rọ tó, tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ohùn dìbò, ó sì fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ni Enyinnaya Abaribe, olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò nínú ilé nígbà náà, bá dìde pé kí wọ́n pín ilé. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń dìde, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó wà. Àwọn 52 gbè sẹ́yìn àtúnṣe náà, àwọn 28 lòdì sí i, àwọn mìíràn kò sí níjòókó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìwé ìròyìn ti ń tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde, ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì lè wo ohun tí sẹ́nétọ̀ rẹ̀ ṣe.

Àwọn alátakò pàdánù ìbò ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ètò Ìdìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022, àṣẹ NCC kò sí nínú rẹ̀ mọ́. INEC fúnra rẹ̀ ni òfin ọdún 2022 náà fi sílẹ̀ fún láti pinnu bí èsì yóò ṣe máa lọ. N kò ní sọ pé orúkọ tí wọ́n pè yẹn nìkan ló ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú fi orúkọ dá àwọn aṣòfin mọ̀ lórí rẹ̀ kì í rọrùn láti gbé pamọ́.

Oníṣòwò Òkè-Àjẹ

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ sọ tèmi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, omi ìjọba kì í yọ déédéé. Bí aṣojú bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, mo lè fojú mi rí i, mo lè gbé korobá mi lọ síbẹ̀. Ìbò tó dì lórí àtúnṣe òfin kò ṣeé mu. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ń fojú tín-ínrín irú nǹkan báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ kò bá ṣe, tó sì tún rí kànga gbẹ́, ó gbìyànjú lójú tèmi ju ẹni tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá nínú ilé lọ.

Aṣírò-owó Ìpẹrù

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ nípa omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ibi tí owó kànga náà ti wá. Inú ètò ìṣúná àpapọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ya nǹkan bíi 100 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ lọ́dún fún iṣẹ́ àkànṣe ní ẹkùn àwọn aṣòfin, ti ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti ti alátakò pọ̀. Aṣòfin yóò sọ irú iṣẹ́ tó fẹ́ àti ibi tó fẹ́ ẹ sí, iléeṣẹ́ ìjọba kan ni owó yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, agbaṣẹ́ṣe ni yóò sì ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá lẹ orúkọ àti àwòrán sára táǹkì omi, owó gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Ẹ lè wá iṣẹ́ náà nínú ìwé ìṣúná, ẹ wo iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì lọ wo ohun tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn Tracka lábẹ́ BudgIT, àjọ aládàáni tó ń tọpa owó ìjọba, ń ṣe láti ìlú dé ìlú nìyẹn.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti àwọn alátakò gan-an, tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀. Abala 85 ní kí Olùyẹ̀wò Ìwé Owó Àgbà máa fi ìròyìn rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ná owó ìjọba ránṣẹ́ sí ilé méjèèjì, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó ìjọba sì gbé e yẹ̀wò. Ó ti di àṣà pé ọwọ́ aṣòfin ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n máa ń fi ipò alága ìgbìmọ̀ yìí sí, kí ìjọba má baà máa yẹ ìwé ara rẹ̀ wò. Nínú ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, Bamidele Salam, tí àwọn ará Ẹdẹ, Ẹ́gbẹ́dọrẹ̀ àti Èjìgbò dìbò yàn lábẹ́ PDP, ni alága rẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ahmed Wadada, tí wọ́n yàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Násáráwá lábẹ́ SDP, ló sì wà níbẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Alátakò tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn, tó ka ìròyìn olùyẹ̀wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tó sì pe ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kó wá ṣàlàyé owó tó pòórá, omi púpọ̀ ló lè ti ibẹ̀ yọ fún wa. Ẹ jẹ́ ká máa bi àwọn tiwa pé ìgbìmọ̀ wo ni wọ́n wà, ìjókòó rẹ̀ mélòó ni wọ́n lọ, kí ni wọ́n sì béèrè níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní London

Mo ń ka yín láti ibi tí mo wà, ó sì yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Níbí náà, ohùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ń dìbò, ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá ta kò ó, agogo yóò dún káàkiri ilé aṣòfin, àwọn ọmọ ilé sì ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti rìn wọ ọ̀kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì, ọ̀kan fún àwọn tó gbà, ọ̀kan fún àwọn tó kọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni orúkọ gbogbo wọn yóò ti wà níta.

Ẹ wo Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative àti olórí àwọn alátakò ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Mo kàn tẹ orúkọ rẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 2017 tó ti wọlé sì jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n dìbò lórí àbádòfin tí yóò jẹ́ kí aláìsàn tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé gba ìrànlọ́wọ́ láti fòpin sí ẹ̀mí ara rẹ̀. 330 gbà, 275 kọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn kálukú: Badenoch kọ̀, Rishi Sunak tó ṣáájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ kan náà sì gbà. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìjọba tirẹ̀ ló ń ṣàkóso nígbà náà, mínísítà ni òun fúnra rẹ̀, Sunak tó jẹ́ olóòtú ìjọba sì gbé àbádòfin wá pé kí wọ́n má ṣe ta sìgá fún àwọn tí wọ́n bí láti ọdún 2009 mọ́. 383 gbà, 67 kọ̀, Badenoch sì wà lára àwọn tó kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì máa ṣí.

Ẹ má sì rò pé ìwé náà ń sọ ohun gbogbo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Labour dín àwọn arúgbó tó ń gba owó ìrànwọ́ ìgbà òtútù kù, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Labour tó ju 50 lọ kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kankan. Àwọn kan ti gba àyè láti má wà níbẹ̀, àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, ìwé kò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Ó di dandan kí ìwé ìròyìn àti àwọn ará ẹkùn bi wọ́n. Àmọ́ ó kéré tán, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bi.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò nílò láti dé London kí ẹ tó rí àpẹẹrẹ. Ìkẹ́nnẹ́ níhìn-ín ni ọmọ tó kọ́kọ́ ṣe olórí àwọn alátakò ní ilé aṣòfin Nàìjíríà tó gba òmìnira ti jáde. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 1959, Olóyè Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ fún Akíntọ́lá, ó sì lọ jókòó ní ilé aṣòfin ní Èkó. Àga 73 ni ẹgbẹ́ rẹ̀, Action Group, ní nínú 312. Ó mọ̀ pé bó bá di ká ka orí, òun kò ní borí. Ohun tó ṣe ni pé ó yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ka náà, kí wọ́n sì máa bi mínísítà rẹ̀ ní ìbéèrè. Anthony Enahoro ló ń bá wọn mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àdéhùn ológun tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìjọba Balewa gbé e wá sílé ní ìparí ọdún 1960, àwọn Action Group ta kò ó, ìjọba borí nínú ìbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí Èkó lórí rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì fòpin sí àdéhùn náà. Ẹ wá wo ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1962 kan náà, nígbà tí Balewa ní kí ilé kéde ìṣèjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ilé aṣòfin Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀ dìde, ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ, àwọn tiwọn sì dìbò lòdì sí i. Wọ́n pàdánù. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé títí dòní, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ Rẹ́mọ dúró sí nígbà tí ilé ń jó lè lọ kà á. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí a bá ń rán lọ nísinsìnyí máa fi sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí tún ṣẹlẹ̀ lójú tiwa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kéde ìṣèjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti ilé aṣòfin ibẹ̀ dúró. Abala 305 sọ pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè dúró àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan bá fọwọ́ sí i. Aṣòfin àgbà 109 ló wà, 360 ló wà ní ilé kejì, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ tó 73 níbì kan, kó sì tó 240 níbì kejì. Ní ọjọ́ 20, ohùn ni ilé méjèèjì fi dìbò!

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fi etí ka 240? Ìyẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Seriake Dickson láti Bayelsa, tó wà nínú PDP nígbà náà, fi ìbínú jáde kúrò ní ìjókòó, àwọn aṣòfin alátakò díẹ̀ sì bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Àwọn yẹn la mọ̀. Gbogbo àwọn yòókù ńkọ́, títí kan àwọn tó bá padà sí ẹkùn wọn tí wọ́n sì sọ pé àwọn kígbe bẹ́ẹ̀ kọ́? Alátakò tó dìde lóòótọ́ àti èyí tó dákẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ nínú ìwé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an ni ìbò ohùn ń rẹ́ jẹ jù.

Oníṣòwò Òkè-Àjẹ

Ọmọ mi, èyí tí o sọ gbẹ̀yìn yìí wọ̀ mí lára. Kànga mi, n kò ní yéé béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó yẹ kí n béèrè ìkejì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí a máa bi wọ́n sílẹ̀ fún wa ní èdè tí gbogbo ọjà máa gbọ́. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú: bí alátakò kò bá lè borí nínú ìbò, ṣé àbádòfin tirẹ̀ lè di òfin láé?

Tíṣà Ìlíṣàn

Ó lè dì í, ìyá wa. Òfin tó dín ọjọ́ orí àwọn tó lè dupò kù, tí àwọn ọ̀dọ́ jà fún kárí Nàìjíríà, Tony Nwulu ló gbé e wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Abẹ́ PDP ni àwọn ará Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ti yàn án ní 2015, nígbà tí APC ń ṣèjọba. Ó wá ẹni tí yóò bá a gbé e ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé e láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Nítorí náà, bí alátakò kan bá ka àbádòfin ogún sílẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé mélòó ló kọjá ìkàwé àkọ́kọ́. Ìkàwé àkọ́kọ́ kò ju kí wọ́n pe orúkọ àbádòfin lọ, kò sí ìjíròrò níbẹ̀. Ìkàwé kejì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni yóò ti dìde ṣàlàyé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ta kò ó tàbí kí wọ́n gbè é.

Bákan náà ni àbá tí wọ́n ń pè fún ìjọba láti tún ọ̀nà ṣe. Bí aṣòfin wa bá dìde lórí ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, ó dára, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Àmọ́ ìpinnu tí ilé bá ṣe lórí irú àbá bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn ni, kò de ìjọba lọ́wọ́. Ẹ bi í pé kí ni ó ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà, àti bóyá ó wá ọ̀nà láti fi owó rẹ̀ sínú ìṣúná.

Ní ti wíwá sí ìjókòó, abala 63 ní kí ilé jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún, abala 68 sì sọ pé ẹni tí kò bá wá fún ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó lọ láìnídìí yóò pàdánù àga rẹ̀. Ìwé ìfọwọ́sí ìwọlé wà, ó sì yẹ kí ará ẹkùn lè rí i.

Ọmọ Odògbolú

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Láti inú ohun tí ẹ sọ ni mo ti kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje, ti ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti ti alátakò. Bó ṣe rí nìyí:

“A kí yín. Àwa tí a máa dìbò ní ẹkùn yìí fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ sí ìwé pé, bí a bá yàn yín, ẹ ó máa béèrè pé kí wọ́n ka ìbò lórí orúkọ nígbà tí ilé bá ń pinnu lórí ètò ìṣúná, owó yíyá, òfin ìdìbò àti ìṣèjọba pàjáwìrì; pé ẹ ó máa kọ ìbò tí ẹ dì àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sí ọ́fíìsì yín ní ẹkùn, yálà ilé pín tàbí kò pín; pé ẹ ó sọ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tí ẹ wà àti iye ìjókòó rẹ̀ tí ẹ lọ; pé ẹ ó sì kọ orúkọ iṣẹ́ àkànṣe kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó rẹ̀ nínú ìṣúná àti ibi tó wà. Ẹni tó bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀, a fẹ́ kí ó fi ti ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀.”

Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ tún un ṣe.

Aṣírò-owó Ìpẹrù

Ẹ fi orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó gba owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ti agbaṣẹ́ṣe kún un, nítorí láìsí ìyẹn a kò ní mọ ẹni tí a máa bá.

Oníṣòwò Òkè-Àjẹ

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lé ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà fún wa. Èmi yóò kà á fún àwọn tí a jọ ń tajà, a ó sì gbé e lé olùdíje tó bá kọ́kọ́ dé ìsọ̀ wa lọ́wọ́.